RX-7 FD tí wọ́n ti tún ṣe: ti Japan, ti Amẹ́ríkà àbí ti New Zealand, èwo ló lè rìn ní Abuja?

Ká ní wọ́n to Mazda RX-7 FD mẹ́rin kalẹ̀ síwájú yín, ọ̀kan tí wọ́n tún ṣe bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe é, ọ̀kan tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tí wọ́n fi V8 Amẹ́ríkà sí i, ọ̀kan tó gbé rotor mẹ́ta àbí mẹ́rin bíi tàwọn ará New Zealand, àti ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn, èwo lẹ máa mú? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ti mú tiwọn kí wọ́n tó bèèrè, wọ́n ti wo fídíò, wọ́n ti rí iná tó ń bù jáde lẹ́nu sàláńsà, ó tán. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ Abuja là ń gbé, oòrùn March ń bẹ, epo tá à ń rà ń bẹ, bọ́ǹpù Gwarinpa náà ń bẹ. Ooru àti epo lèmi fi ń yan mọ́tò yìí, họ́ọ̀sì páwà á wá tẹ̀lé e.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: FD ni ìran kẹta RX-7. Òpin 1991 ni Mazda bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan, wọ́n dá a dúró ní 2002, gbogbo èyí tí wọ́n sì ṣe láàárín ìgbà yẹn jẹ́ 68,589 péré. Wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà láti 1993 sí 1995, kò tó 14,000 tí wọ́n tà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ní písítìnì rárá, ohun onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní rotor, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni rotary, gbogbo ẹ̀ ò ju 1.3 lítà lọ, síbẹ̀ turbo méjì, èrọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, ló wà lórí ẹ̀, ti Amẹ́ríkà ń mú 255 họ́ọ̀sì páwà wá. Mọ́tò náà fúyẹ́, ìwọ̀n ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,270 kìlò lọ, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì yẹn sẹ́yìn débi pé ìdajì ẹrù wà níwájú, ìdajì wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gbé e wọ kọ́nà rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló yẹ kó ṣáájú o, kẹ́ẹ má fowó ṣòfò. Láti April 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, mọ́tò tí sítíárì ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wà lára ohun tí ìjọba ò fẹ́ kó wọlé, ti Japan, ti Australia àti ti New Zealand sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tán. Ọjọ́ orí náà tún wà níbẹ̀, èyí tó kéré jù nínú FD ti lé ní ogún ọdún, Kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní fojú rere wò ó bí tokunbọ̀. Nítorí náà, ohun tẹ́ẹ ń wá gan-an ni èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí látọjọ́ tó pẹ́, tí ìwé ẹ̀ pé, tí sítíárì ẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ìyẹn ni pé ti Amẹ́ríkà ló máa ń jẹ́. Tàbí kẹ́ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tó máa bá yín tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀, tẹ́ẹ máa lọ wà á nígbà ọlidé. Tẹ́nìkan bá ní òun ní ọwọ́ ọ̀tún tóun fẹ́ tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú ní Abuja, ẹ dákun ẹ kí i, kẹ́ẹ máa lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò wọ́n.

Ti Japan: turbo ńlá kan, ara fẹ̀

Àwọn ló ni mọ́tò, àwọn náà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tún ṣe. Isami Amemiya, ọ̀gá RE Amemiya, ti ń bá rotary jìjàkadì láti ayé pípẹ́, FD wọn ló gba ife GT300 nínú Super GT, ìdíje mọ́tò ńlá ti Japan, lọ́dún 2006, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Mazda ti dáwọ́ mọ́tò náà dúró! Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ turbo kékeré méjì tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi ńlá kan ṣoṣo rọ́pò ẹ̀, wọ́n á gbé bréènì bọ́ksì míì sí i, Power FC ló wọ́pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n á wá dá rádíétọ̀ àti intercooler, èyí tó ń tu atẹ́gùn turbo, dùbúlẹ̀ ní ìdàkejì ara wọn, kí kálukú máa gba atẹ́gùn tiẹ̀, kí ọ̀kan má máa fẹ́ ooru sójú ìkejì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní V-mount, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí orúkọ yẹn, ó máa wúlò nísàlẹ̀.

Ní ti ara, kò sí ohun tẹ́ẹ fẹ́ tí ò sí. FEED wà fún ẹni tó fẹ́ kó rí bí ẹni pé Mazda fúnra wọn ló ṣe é, Rocket Bunny wà fún ẹni tó fẹ́ kí ìbòrí taya hàn gbàǹgbà pé wọ́n fi síkúrú dè é mọ́ra, VeilSide wá ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Fortune tí wọ́n gbé jáde ní Tokyo Auto Salon 2005, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá rí i ẹ ò ní mọ̀ pé RX-7 ni mọ́, wọ́n pààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo awọ ara ẹ̀. Ó rẹwà. Mo gbà pé ó rẹwà. Àmọ́ fáíbà ni, tí bọ́ńpà ìsàlẹ̀ yẹn bá kan bọ́ǹpù kan ṣoṣo ní ẹ́sìtéètì yín, irú èyí tí wọn ò kun ọ̀dà sí, ọ̀dọ̀ paneli bíìtà lẹ ń lọ, òun náà á sì sọ fún yín pé òun ò rí irú ẹ̀ rí, owó á sì gòkè nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àléébù tó tóbi jù níbẹ̀ ni epo. Epo hai-oku wọn ní Japan, bíi oktéènì 100 ni, ìyẹn ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara dà á kó má gbiná ṣáájú àsìkò, òun ni wọ́n fi ṣètò bréènì bọ́ksì ẹ̀. Tiwa ńkọ́? Kò sí fìlíńgì stéṣọ̀n tí wọ́n ti máa bi yín pé oktéènì kékeré àbí ńlá lẹ fẹ́, ẹyọ kan ló wà, ẹ rà á kẹ́ẹ máa lọ. Tẹ́ẹ bá fi epo wa sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣètò pẹ̀lú 100, tẹ́ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Kubwa ní ọ̀sán gangan, epo á gbiná kí àsìkò ẹ̀ tó tó. Ẹ́ńjìnnì písítìnì lè fara dà á díẹ̀, á máa pariwo, ẹ ó gbọ́, ẹ ó fẹsẹ̀ kúrò. Rotary ò ní àyè ìkìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí góńgó igun rotor kọ̀ọ̀kan, apex seal, òun ló ń dí atẹ́gùn mọ́nú, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá ṣẹ́, ó máa ha ilé tí rotor ń yí nínú ẹ̀, ó lè wọ inú turbo tún ba ìyẹn náà jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tán.

Ṣé kẹ́ẹ wá sá fún ti Japan ni? Rárá. Ẹ gbé ẹni tó mọ bréènì bọ́ksì dáadáa wá kó tún un ṣètò pẹ̀lú epo ibí, kí agbára turbo wálẹ̀, kó má ju bíi 10 psi tí Mazda fúnra wọn fi sí i lọ púpọ̀. Họ́ọ̀sì páwà á dínkù, ẹnu ọ̀rẹ́ yín á dínkù, mọ́tò á pẹ́.

Ti Amẹ́ríkà: ẹ yọ ọ́, ẹ fi V8 sí i

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ni pé wọ́n á gbé rotary sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á gbé LS ti General Motors sínú ẹ̀, LS1 lítà 5.7 tó wà nínú Corvette àti Camaro ìgbà yẹn. Àwọn olólùfẹ́ rotary ń pè é ní èèwọ̀. Èmi ò mọ èèwọ̀ kankan níbẹ̀ o, irin ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé LS yẹn, alumíníọ̀mù ni, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju rotary pẹ̀lú turbo méjì àti gbogbo páìpù rẹpẹtẹ tó yí i ká, nítorí náà mọ́tò náà ò ní di orí wúwo tó bẹ́ẹ̀. Agbára ẹ̀ wà nísàlẹ̀, tẹ́ẹ bá tẹ ẹ́ ní 2,000 ó ti ń lọ, ẹ ò ní dúró de turbo. Kò ní apex seal. Kò máa jẹ ọ́ìlì bí rotary ṣe ń jẹ ẹ́. Epo wa ò sì bà á lẹ́rù.

Ibi tí Abuja ti wá gbè é lẹ́yìn rèé. Ẹ wo àwọn Escalade àti Tahoe tí àwọn ọlọ́lá ń gbé kọjá ní Maitama àti Asokoro pẹ̀lú sírénì, ẹbí LS kan náà ni V8 inú wọn. Ìyẹn ni pé mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà, sẹ́ńsọ̀ wà, kọ́ìlì wà, púlọ́ọ̀gì wà, ẹ ò ní ránṣẹ́ sí Japan nítorí páìpù kékeré. Tẹ́ẹ bá wọ abúlé mẹkáníìkì Àpò tẹ́ẹ bèèrè ẹni tó ti tú rotary rí, ẹ máa rí ẹni tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ bi yín pé níbo ni tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà, rotary ò sì ní tápẹ́ẹ̀tì.

Ìwé tún ni o! Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú particulars gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì mu. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọn ò ṣe ìwé ẹ̀, VIO lè dá yín dúró lójú ọ̀nà, ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ pé ẹní tà á fún yín ti ṣe tiẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí olùtà ṣe ìyípadà yẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò fi 2JZ sí i, ti Lexus GS300 pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ti ṣe é nílẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn gùn, irin dúdú ni, iwájú ló ń wúwo sí, tẹ́ẹ bá sì fi ti GS300 tí ò ní turbo sí i, ẹ ti ṣe làálàá kẹ́ẹ lè ní agbára tó kéré sí èyí tẹ́ẹ yọ.

Ti New Zealand àti Australia: rotor mẹ́ta, rotor mẹ́rin

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ohùn rèé. Kò sí ohun tó dún bẹ́ẹ̀. Tí rotor mẹ́rin bá wà ní ìdúró jẹ́jẹ́ á máa lù pà-pà-pà-pà bí ẹni tó fẹ́ kú, tẹ́ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, á han gooro débi pé etí á dí. Mazda fúnra wọn fi rotor mẹ́rin gba Le Mans, ìdíje wákàtí 24 ní France, lọ́dún 1991 pẹ̀lú 787B, mọ́tò Japan àkọ́kọ́ tó gba ìdíje yẹn. Mike Whiddett, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mad Mike, ará New Zealand, òun ló gbé irú ohùn yìí lọ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe drift, ìyẹn fífi ìdí mọ́tò yọ̀ wọ kọ́nà. Rob Dahm ní Amẹ́ríkà náà kọ́ FD rotor mẹ́rin tí gbogbo taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà.

Ti rotor mẹ́ta, ẹ lè rí i rà bó ṣe wà: 20B ni wọ́n ń pè é, Eunos Cosmo ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n ṣe mọ́tò yẹn ní Japan láti 1990 sí 1996, kò sì ju ìyẹn lọ, nítorí náà ó ti wọ́n. Ti rotor mẹ́rin, Mazda ò tà á fún aráàlú rí, àwọn oníṣẹ́ irin ló ń ya ọ̀pá àárín ẹ̀ fúnra wọn. Ẹ ronú sí i: ẹ́ńjìnnì tí rotor méjì ẹ̀ ò rí mẹkáníìkì ní Àpò, ẹ wá fi méjì míì kún un. Apex seal mẹ́ta ló wà lórí rotor kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín.

Àwọn ará Puerto Rico náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí o, àwọn tiwọn tiẹ̀ máa ń fi 13B, ẹ́ńjìnnì rotor méjì ti Mazda, sínú Toyota Starlet àtijọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi ìdíje títẹ̀ gbọọrọ, mo fẹ́ràn wọn, Ọlọ́run mọ̀.

Fún Abuja, ẹ má gbé e. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìdíje ni, wọ́n ń tú u lẹ́yìn ìdíje, ethanol ni púpọ̀ nínú wọn ń mu kó lè tutù, ẹ ò ní rí ethanol rà ní Lugbe.

Èyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn

Òun ló wọ́n jù báyìí lọ́jà àgbáyé, torí pé gbogbo ayé ti tú tiwọn palẹ̀. Spirit R tí Mazda fi parí ẹ̀ ní 2002, 1,500 péré ni. Australia ní tiẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, RX-7 SP ti 1995, mọ́tò 25 ni wọ́n ṣe kí wọ́n lè gbé e lọ ìdíje wákàtí 12 wọn, FD sì ti gba ìdíje yẹn ní Bathurst ṣáájú. Ìwọ̀nyẹn, ẹ wò wọ́n nínú fọ́tò.

Èyí tó lè kàn yín ni ti Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ wà nínú wọn tí àwọn olùtà kì í sọ. R1 ti 1993 àti R2 tó tẹ̀lé e ní oil cooler, ohun tó ń tu ọ́ìlì, méjì. Touring, èyí tó ní aláwọ àti sunroof tójú gbogbo èèyàn ń wọ̀, ọ̀kan ló ní. Ní ìlú tí ojú ọjọ́ lè gbóná tó ìdí ìkòkò ní March, R1 ni kẹ́ẹ mú, kódà kí àga ẹ̀ ti ya. Àga ṣeé rán.

Tẹ́ẹ bá wá mú èyí, àtúnṣe tó yẹ ẹ́ ò ní hàn sójú ẹnikẹ́ni. Rádíétọ̀ alumíníọ̀mù ńlá, tàbí V-mount ti Japan tí mo ní kẹ́ẹ rántí. Táǹkì kúláńtì kékeré kan wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, rọ́bà líle ni Mazda fi ṣe é, ó máa ń la, kúláńtì á sì lọ láìsọ fún yín, ẹ fi ti irin rọ́pò ẹ̀ ní kíá. Àwọn páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí turbo méjèèjì pọ̀ bí ìfun, ooru ti jẹ wọ́n, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n ooru tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ òótọ́, ó máa dúró lójú kan títí ẹ́ńjìnnì á fi jóná tán, ẹ fi gẹ́ẹ̀jì gidi sí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn mẹkáníìkì wa. Tí mọ́tò bá ti ń gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ tamosítáàtì ẹ̀ jù." Lórí Camry ẹ lè ṣe é kẹ́ẹ mú un jẹ. Lórí rotary, tamosítáàtì yẹn ló ń dí ọ̀nà àbùjá kan tí kúláńtì máa ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rádíétọ̀. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà yẹn á ṣí sílẹ̀, mọ́tò á wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní kẹ́ẹ jẹ́ kí wọ́n gé catalyst kúrò lára sàláńsà kó lè dún. Lórí FD, tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, turbo á máa ga sókè fúnra ẹ̀ ju ibi tí bréènì bọ́ksì mọ̀ lọ, epo ò ní tó, apex seal á lọ. Wọ́n ti fi ìwọ̀nyí pa mọ́tò tó dáa wálahi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà: rotary ń fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sínú iná díẹ̀díẹ̀ kí apex seal má baà gbẹ, Mazda ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ọ́ìlì bá ń dínkù ẹ má sáré lọ tú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún máa ń po ọ́ìlì two-stroke díẹ̀ mọ́ epo nínú táǹkì, ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour rí ti mọ iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì tan án kẹ́ẹ kàn gbé e kúrò nínú gáréèjì kẹ́ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, epo á rin púlọ́ọ̀gì, kò ní tan mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbóná kẹ́ẹ tó pa á.

Ẹ gbé wọn síra

Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ibi iṣẹ́ ní Central Area, sún-un-kẹrẹ Nyanya, AC tó ń ṣiṣẹ́: V8 lé gbogbo wọn sẹ́yìn, kò tiẹ̀ súnmọ́ra. Tó bá jẹ́ Sátidé àti òru tí títì ti tu, tẹ́ẹ fẹ́ mọ ohun tí Mazda ní lọ́kàn: èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn tí ìtutù ẹ̀ pé. Tó bá jẹ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò yín ní Jabi: ti Japan aláfẹ̀, kò sí àríyànjiyàn, ẹ kàn jẹ́ kí turbo ẹ̀ kéré. Ní ti epo jíjẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023 gbogbo wọn ló ń dùn wá, rotary tó ní turbo ńlá ló burú jù, V8 á yà yín lẹ́nu tẹ́ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Eruku ọyẹ́ ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, filter tó ṣí sílẹ̀ gbayawu tí wọ́n ń gbé sára turbo ní òkèèrè, tẹ́ẹ bá wà ní Kano tàbí Kaduna ní December, ẹ wá àpótí fi bò ó.

Tèmi? R1 pupa, rádíétọ̀ ńlá, turbo méjì ẹ̀ lórí. Tí ẹnì kan bá gbé èyí tí wọ́n ti fi LS sí tẹ́lẹ̀ wá, tí iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, tí ìwé ẹ̀ sì bá nọ́ḿbà mu, mi ò ní jẹ́ kó padà sílé.

Ẹ̀yin àbúrò tó ń bèèrè RX-8 dípò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, 2003 sí 2012 ni wọ́n ṣe é, kò ní turbo, nítorí náà ooru ẹ̀ rọrùn díẹ̀, òun sì lẹ máa rí jù nílẹ̀ yìí. Èyíkéyìí rotary tẹ́ẹ bá fẹ́ rà nínú méjèèjì, ẹ má fọkàn tán compression tester, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀, tí wọ́n ń lò fún Camry, nọ́ḿbà kan ló máa fún yín, rotor kọ̀ọ̀kan sì ní ojú mẹ́ta. Ẹ wá ti rotary gan-an, ẹ dán an wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, torí èyí tó ti ń kú máa ń ṣòroó tan tó bá gbóná, tó bá tutù á tan bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tí ojú kan bá wà nísàlẹ̀ bíi 100 psi, iye tí wọ́n ń pè yẹn, ẹ yọ owó ẹ́ńjìnnì odidi kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ẹ tó fèsì.